“Biweekly”, “by”, “until”: ẹ bá mi tún ọ̀rọ̀ àsìkò inú ìwé òfin ẹgbẹ́ yìí ṣe

Akọ̀wé Ẹgbẹ́
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ èdè méjèèjì. Ìwé òfin ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ni mo ń túmọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì nítorí àwọn tó wà ní London àti Houston. Ìdí ọ̀rọ̀ àsìkò ni mo há sí:

“A ó máa pàdé ní ìtàdógún-ìtàdógún.” Ṣé “biweekly” nìyẹn?
“Kí kálukú san owó rẹ̀, kó má kọjá ọjọ́ Ẹtì.” “By” ni àbí “until”?
“Ẹni tó bá pa ìpàdé mẹ́ta jẹ léraléra yóò san owó ìtanràn.”

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ńlá-ńlá ni mo ń wá. Èyí tí kò ní dá ìjà sílẹ̀ ni mo fẹ́.

Ògbufọ̀
Ẹ má fọwọ́ kan “biweekly” rárá. Ìtumọ̀ méjì ló ní: ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, tàbí ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì. “Bimonthly” náà ní irú àrùn yẹn. “Fortnightly” yé ará London dáadáa, ọjọ́ mẹ́rìnlá ni, àmọ́ ará Amẹ́ríkà kì í sábà lò ó. “Every two weeks” ni ẹnikẹ́ni ò ní ṣì gbọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ bi àwọn àgbà ẹgbẹ́ léèrè irú ìtàdógún tí wọ́n ń sọ. Tí a bá ń ka ọjọ́ ọjà, a máa ń ka ọjọ́ tí a ti bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. Gẹ̀ẹ́sì kì í kà á. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé ọrún, tí àwa ń kà sí márùn-ún, “every four days” ni. Ìsán, tó jẹ́ mẹ́sàn-án lọ́dọ̀ wa, mẹ́jọ ni lọ́dọ̀ wọn. Ìtàdógún, tí orúkọ rẹ̀ fúnra rẹ̀ ń pe mẹ́tàdínlógún, mẹ́rìndínlógún péré ni. Ẹ fi ojú kàlẹ́ńdà wò ó: bí ìpàdé òní bá jẹ́ ọjọ́ Ajé, tí èyí tó tẹ̀ lé e sì tún bọ́ sí ọjọ́ Ajé, “every two weeks” ni. Bó bá bọ́ sí Ọjọ́rú, ìtàdógún ọjà gan-an nìyẹn, “every sixteen days” ni kí ẹ kọ.

Olùkọ́ Èdè
Ní ti owó, “by” ni. Ohun tó ń lọ láìdáwọ́ dúró ni “until” wà fún. Ohun tí a ó ṣe lẹ́ẹ̀kan, kí gbèdéke tó kọjá, ni “by” wà fún. Ẹ fi “máa” dán gbólóhùn Yorùbá yín wò. “Ọ́fíìsì yóò máa wà ní ṣíṣí títí di ọjọ́ Ẹtì”: “máa” bá a mu, “until” ni. “Kí ẹ máa san owó náà títí di ọjọ́ Ẹtì” ti di pé kí èèyàn máa san án lójoojúmọ́, kì í sì í ṣe ohun tí ẹ ní lọ́kàn.

Ẹ tún ṣọ́ra fún “not until”. “Payment will not be accepted until Friday” túmọ̀ sí pé ẹ ò ní gba owó kankan àfi tí ọjọ́ Ẹtì bá dé. Òdìkejì òfin yín pátápátá!

“Until Friday” nìkan kì í sì í sọ bóyá ọjọ́ Ẹtì wà níbẹ̀. “Up to and including Friday” ló ń parí iyàn. Bákan náà, “within 14 days” jẹ́ ọjọ́ èyíkéyìí kí mẹ́rìnlá tó pé, “in 14 days” sì jẹ́ ìgbà tó bá pé.

Ará Houston
Ẹ kọ aago mọ́ ọn, kí ẹ sì sọ aago ibi tí ẹ ń wí: “by 7 p.m. Lagos time on Friday”. Aago Èkó kì í yí padà, ti London àti Houston ló ń yí. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, aago 7 Èkó ni aago 7 London àti aago 1 ọ̀sán Houston. Nígbà òtútù, ó di aago 6 ní London, aago 12 ọ̀sán ní Houston. Ẹ má kọ “midnight on Friday”, nítorí ẹnì kan á rò pé òru Ọjọ́bọ̀ mọ́jú ọjọ́ Ẹtì ni. “11:59 p.m.” ló dáa. Ẹ má sì kọ 04/05: ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún ni ní London, ọjọ́ 5 oṣù Kẹrin ni lọ́dọ̀ wa níbí. “4 May” ni kí ẹ kọ.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́
Ẹ ṣeun gan-an ni. Ó ku ti “léraléra”, àti ibi tó ti ní kí ẹgbẹ́ lọ síbi ìkómọ “ní ọjọ́ kẹjọ”.

Ògbufọ̀
“Three consecutive meetings” ni. Ó fi hàn pé kò sí ìpàdé kankan tó wá láàárín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí ẹ bá kọ “three meetings” lásán, ẹni tó pa mẹ́ta jẹ láàárín ọdún márùn-ún náà ti jẹ̀bi.

“On the eighth day” tọ̀nà, nítorí ọjọ́ ìbí ni “first day”. Ẹ má sọ ọ́ di “eight days later”. Ọmọ tí a bí lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ Ajé kejì la ó sọ ọ́ lórúkọ, “eight days later” á sì gbé e lọ sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Irú àṣìṣe yìí ló wà nínú ìjẹta: ẹta wà nínú orúkọ rẹ̀, síbẹ̀ “two days ago” ni, ìjẹrin ni “three days ago”. Ọ̀túnla sì ni “the day after tomorrow”. “Next tomorrow” kò lè kọjá Nàìjíríà.

Olùkọ́ Èdè
Ẹ bá mi fi èyí kún un. “Subsequently” kàn ń sọ pé ohun kan tẹ̀ lé òmíràn. “Consequently” ń sọ pé èyí àkọ́kọ́ ló fà á. “He missed three meetings and was subsequently fined” kò sọ ohun tó fa owó ìtanràn, nítorí náà “consequently” ni òfin yín nílò. Bẹ́ẹ̀ náà ni “henceforth” ń bẹ̀rẹ̀ láti ìsinsìnyí, “thenceforth” láti ìgbà kan tí ẹ ti dárúkọ. Nínú ìwé òfin, ẹ fi méjèèjì sílẹ̀, kí ẹ kọ “with effect from”, kí ọjọ́ gan-an sì tẹ̀ lé e.