"Ìdènà Aláìdíje" Kò Lè Ru Ẹrù Méjì

Àbá tí ó wà níwájú wa, lórí orúkọ Yorùbá fún àwọn ọ̀nà tí a ń gbà dí ẹ́ńsáìmù (ohun tí ń mú ìyípadà kẹ́míkà yára nínú ara) lọ́wọ́, ni pé kí a pe "competitive inhibition" ní "ìdènà adíje", kí "noncompetitive" àti "uncompetitive" sì jọ máa jẹ́ "ìdènà aláìdíje". Èkejì ni mo takò jù, nítorí pé "non-" àti "un-" kò fi ìyàtọ̀ kankan han akẹ́kọ̀ọ́ nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì pàápàá, bẹ́ẹ̀ iye tí a ń wọ̀n yàtọ̀ gedegbe.

Ẹ jẹ́ kí a mú ẹ́ńsáìmù kan tí Vmax rẹ̀, ìyẹn ìyára tí kò lè kọjá, jẹ́ 100, tí Km rẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n èròjà (ohun tí ẹ́ńsáìmù ń ṣiṣẹ́ lé lórí) tí ń mú ìyára dé ìdajì Vmax, sì jẹ́ 4. Bí adènà, ìyẹn ohun tí ń dí ẹ́ńsáìmù lọ́wọ́, bá wọ̀ ọ́, tí Vmax kò yẹ̀ ṣùgbọ́n tí Km di 8, a mọ̀ pé àyè kan náà ni adènà àti èròjà ń dù, àti pé bí èròjà bá pọ̀ tó, yóò borí. Bí malonate, tí í ṣe adènà, ṣe ń ṣe sí succinate, tí í ṣe èròjà, nìyẹn lára ẹ́ńsáìmù succinate dehydrogenase, nítorí pé wọ́n jọra. "Adupò" wù mí ju "adíje" lọ níhìn-ín: àwọn tí ń sáré ìje lè jọ wà lójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n ẹnì kan ṣoṣo ni àga ń gbà.

Bí Vmax bá di 50 tí Km ṣì jẹ́ 4, adènà náà ń lẹ̀ mọ́ ẹ́ńsáìmù bákan náà, yálà èròjà ti dé tàbí kò tíì dé. "Noncompetitive" nìyẹn; mo dábàá "ìdènà ìgbàkígbà" fún un, bí ẹnìkan tilẹ̀ lè gbọ́ ẹ̀gàn "ìwàkíwà" nínú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí Vmax bá di 50 tí Km sì di 2, ńṣe ni adènà dúró kí èròjà kọ́kọ́ jókòó. Nínú àwòrán tí Lineweaver àti Burk gbé jáde ní 1934, tí 1/v (v ni ìyára) wà lórí òòró tí 1/S (S ni ìwọ̀n èròjà) sì wà lórí ìbú, Km tí a fi Vmax pín ni ó ń sọ bí ìlà ṣe gùnkè tó. 4/100 àti 2/50 jọ jẹ́ 0.04, nítorí náà ìlà méjèèjì, ti ìgbà tí kò sí adènà àti ti ìgbà tí ó wà, kì í pàdé. Ti adupò ń pàdé lórí òòró, ti ìgbàkígbà lórí ìbú. "Ìdènà ẹ̀yìn-ìsopọ̀" ni mo pe ẹ̀kẹta yìí, ìyẹn "uncompetitive".

Ní ti "mixed", níbi tí adènà ti ń lẹ̀ mọ́ ẹ́ńsáìmù yálà èròjà ti dé tàbí kò tíì dé, ṣùgbọ́n tí kì í ṣe bákan náà, "aládàpọ̀" tó. Ẹni tí ó fẹ́ fi "ìdádúró" rọ́pò "ìdènà" ni kò yí mi lọ́kàn padà, nítorí pé ẹ́ńsáìmù tí Vmax rẹ̀ di 50 ṣì ń ṣiṣẹ́.