Súkùù àdáni ń tì lágbègbè wa, iṣẹ́ wo ni tíṣà tó ní NCE lè yà sí báyìí?

TíṣàTakie

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ yìí á gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara dà á. Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo wà. NCE ni mo ní, Primary Education Studies, àtìgbà tí mo ti jáde kọ́lẹ́ẹ̀jì ni mo ti ń ṣe tíṣà ní súkùù àdáni, mi ò ṣe iṣẹ́ míì rí. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé súkùù tí mo wà yìí, kíláàsì kọ̀ọ̀kan ló ní A àti B, débi pé a máa ń lọ yá bẹ́ńṣì ní ṣọ́ọ̀ṣì ẹ̀gbẹ́ wa tí ìdánwò bá dé. Àtìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo lọ́dún 2023 ni gbogbo ẹ̀ ti dojú rú. Òbí tó ní ọmọ mẹ́ta lọ́dọ̀ wa á kọ́kọ́ mú ẹyọ kan lọ sí súkùù ìjọba, tó bá fi máa di táàmù tó tẹ̀lé e á wá kó àwọn tó kù lọ. Mi ò sì lè bá wọn jà, ṣebí àtọdún 2019 ni Gómìnà Mákindé ti fagi lé owó 3,000 tí wọ́n ń gbà ní súkùù ìjọba Ọ̀yọ́, ọ̀fẹ́ ni tọ̀hún, tiwa fíìsì ni, fíìsì náà sì ń lọ sókè torí onísúkùù náà ń ra epo sí jẹnẹrétọ̀.

Ní báyìí Pírámárì 1 àti 2 ti di kíláàsì kan, 3 àti 4 náà bẹ́ẹ̀, èmi nìkan ni mò ń kọ́ wọn, tí mo bá kọjú sí apá kan apá kejì á máa pariwo. Lópin táàmù tó kọjá onísúkùù pè wá jókòó, wọ́n ní àwọn ò lè san owó gbogbo wa mọ́, tó bá di oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà tíṣà mẹ́rin péré ló máa kù, wọn ò dárúkọ ẹnì kankan, kálukú wá ń wo ojú ẹnìkejì. Owó oṣù méjì wa ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Ẹ má bi mí pé èló ni wọ́n ń san, ẹ ṣáà mọ̀ pé ìjọba ní 80,000 lowó oṣù tó kéré jù ní Ọ̀yọ́, tèmi ò tó ìdajì ẹ̀. Mo ti rìn yí ká. Súkùù tó sún mọ́ wa ti tì, èyí tó wà lọ́nà Sábó ti di gbọ̀ngàn ayẹyẹ, àwọn tó ṣì ṣílẹ̀kùn ń dín tíṣà kù ni, wọn ò gba ẹnì kankan.

Àbúrò ọkọ mi ní kí n lọ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ọ̀rẹ́ mi ní POS, ìyá mi ní télọ̀, ẹnì kan tiẹ̀ ní òun mọ ẹni tó lè mú mi dé UK. Mo ní owó díẹ̀ nínú alájẹṣẹ́kù, kò pọ̀, mi ò sì fẹ́ kó ṣòfò. Ṣé kí n dúró de SUBEB, àjọ tó ń gba tíṣà sí súkùù pírámárì ìjọba, ni àbí kí n gbàgbé ọ̀rọ̀ tíṣà pátápátá? Ẹ má kàn sọ pé Ọlọ́run á ṣe é o, ẹ sọ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ fún mi.

MàmáLẹ́sìnnì

Ẹ kú ìrọ́jú àǹtí. Ìbàdàn lèmi wà, ojú mi náà ti rí irú ẹ̀. Ẹ jẹ́ n bi yín, àwọn ọmọ tí wọ́n kó kúrò lọ́dọ̀ yín yẹn, ṣé wọn ò kàwé mọ́ ni? Wọ́n ń kàwé. Ní súkùù ìjọba tí wọ́n wà, wọ́n lè kó ọgọ́ta sí yàrá kan, tíṣà kan ṣoṣo, ọmọ tó ń ka ìwé geere lọ́dọ̀ yín á wá dé Pírámárì 5 kó máa kọsẹ̀ nínú gbólóhùn kan. Ìyá ẹ̀ mọ̀, ó sì ń dùn ún. Owó tí kò rí san lẹ́ẹ̀kan náà lórí fíìsì, ó lè rí díẹ̀díẹ̀ nínú ẹ̀ san fún ẹni tó máa jókòó ti ọmọ yẹn láago mẹ́rin sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́.

Nǹkan tí mò ń ṣe nìyẹn. Ọ̀ọ̀dẹ̀ ilé wa ni mo ti bẹ̀rẹ̀, bọ́ọ̀dù kan, ẹní méjì, mi ò ra tábìlì. Ẹ wá fetí sí ibi tó ṣe pàtàkì: ẹ má gba owó táàmù, ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni kí ẹ máa gbà á, lọ́jọ́ Fraidé. Ìyá tó ń ta ẹ̀kọ tàbí bàbá tó ń gun ọ̀kadà, ojoojúmọ́ lowó ń wọlé fún wọn, ojoojúmọ́ ló sì ń jáde, tẹ́ ẹ bá ní kí wọ́n kó owó oṣù mẹ́ta jọ wọ́n á máa sá fún yín lọ́jà. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà lọ́jọ́ Fraidé, ọmọ gan-an ló máa mú un dání wá. Ẹni tí kò bá san án lọ́sẹ̀ yìí, ẹ gba ọmọ ẹ̀ wọlé, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, tó bá di ọ̀sẹ̀ kejì tí kò tíì san, ẹ lọ kí ìyá ẹ̀ nílé. Kíkí lásán o, ẹ má sọ̀rọ̀ owó, òun gan-an ló máa kọ́kọ́ mẹ́nu bà á.

Ẹ tún má sọ pé ẹ̀ ń kọ́ wọn ní gbogbo sọ́bujẹ́ẹ̀tì. Ìwé kíkà àti ìṣirò ni kẹ́ ẹ dì mú. Tí ọmọ kan bá dé lóṣù yìí tí kò lè kà, tó wá kà níwájú ìyá ẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀, ìyá yẹn á bá yín polówó dé ìparí ọjà. Gbogbo súkùù ló sì máa gba họlidé lóṣù Ògọ́ọ̀sì, ìgbà yẹn ni òbí máa ń wá ibi tí wọ́n á kó ọmọ sí kí wọ́n lè ráyè lọ sọ́jà.

BàbáHẹ́ẹ̀dì

Ọmọ mi, mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ọ̀rọ̀ tèmi lè má bá tàwọn ọ̀dọ́ mu. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé iṣẹ́ tíṣà ti parí. Súkùù àdáni ló ń tì, àwọn ọmọ tó kúrò níbẹ̀ tọ̀dọ̀ ìjọba lọ ni, ó pẹ́ ni ó yá ni ìjọba á wá tíṣà. Òfin tí wọ́n buwọ́ lù lọ́dún 2022 ti sọ pé tíṣà lè ṣiṣẹ́ títí dé ọmọ ọdún 65, tàbí kó lo 40 ọdún lẹ́nu iṣẹ́, iṣẹ́ wo ló tún rí bẹ́ẹ̀? Ṣé o ti ní TRCN, ìwé àṣẹ tíṣà? Tí o kò bá ní, ìyẹn ni kí o kọ́kọ́ lọ ṣe, ẹni tó ní NCE ń jókòó ìdánwò ẹ̀, Category D ni tiyín. Lẹ́yìn náà kí o gba dígírì. NCE ń jẹ́ kí o fi Direct Entry wọ 200 level, sandwich, ìyẹn ẹ̀kọ́ ìgbà họlidé, wà fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́, National Open University náà wà.

Ẹni tó bá ní kí o kó owó wá kóun fi bá ọ gba iṣẹ́ SUBEB, sá fún un bí o ṣe ń sá fún ejò.

Akin_ojú_títì

Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú, òótọ́ lẹ̀ ń sọ, àmọ́ ta ló máa bọ́ àwọn ọmọ títí SUBEB á fi pe èèyàn? Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti ṣe ìdánwò wọn, orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ṣe é, ó yege, wọn ò sì pè é dòní. Kó gba fọ́ọ̀mù tó bá jáde, àmọ́ kó má fi ṣe ìrètí oúnjẹ ọ̀la.

Lórí POS: èmi ni mò ń ṣe é, tíṣà ìṣirò ni mí tẹ́lẹ̀. Tó bá jẹ́ POS nìkan lẹ fẹ́ gbé kalẹ̀, ẹ rọra. CBN, báńkì àpapọ̀, ti fi gbèdéke sí i láti ìparí ọdún 2024 pé 100,000 ni kọ́sítọ́mà kan lè gbà lọ́dọ̀ POS lóòjọ́. CAC, àjọ tó ń forúkọ òwò sílẹ̀, náà ní kí gbogbo wa wá fi orúkọ sílẹ̀. Owó tó máa wà lọ́wọ́ yín láràárọ̀ kí ẹ tó lè ṣílẹ̀kùn ló máa gba gbogbo nǹkan tó wà nínú alájẹṣẹ́kù yẹn. Ògbómọ̀ṣọ́ tiyín tún le, gbogbo ìyànà LAUTECH ló ní POS mẹ́ta mẹ́rin tí wọ́n jókòó ti ara wọn. Ohun tó ń gbé mi dúró ni omi tútù, búrẹ́dì àti káàdì tí mò ń tà mọ́ ọn.

Télọ̀_tó_mọ_ṣọ́ọ̀kì

Ẹ káalẹ́ o. Tíṣà lèmi náà kí n tó kọ́ṣẹ́ aṣọ. Ìyá yín ò purọ́ àmọ́ wọn ò sọ gbogbo ẹ̀. Téèyàn bá fẹ́ kọ́ ọ dáadáa, ó kéré tán ọdún kan ààbọ̀, ọ̀gá á gba owó ìkọ́ṣẹ́, tẹ́ ẹ bá tún parí, fírídọ̀mù wà níwájú, àǹkárá, ìrẹsì, gbogbo ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá sì ní ẹ fẹ́ máa rán aṣọ ayẹyẹ, télọ̀ tó ti wà níbẹ̀ ò lóǹkà.

Èmi ò rán ti ayẹyẹ. Yúnífọ́ọ̀mù ni mò ń rán. Ẹ wò ó, ọmọ tó kúrò ní súkùù àdáni tó lọ sí tìjọba, ó gbọ́dọ̀ dá aṣọ tuntun, aṣọ kan náà ni gbogbo wọn ń wọ̀, kò sí pé kọ́sítọ́mà ń mú sítáì wá láti Instagram. Ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń gé ṣòkòtò pénpé, ṣẹ́ẹ̀tì àti gáùn ọmọ súkùù, kò ní gbà yín lọ́dún kan. Ẹ sì mọ àwọn hẹ́ẹ̀dì, ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń bá òbí sọ̀rọ̀, télọ̀ tó kàn jókòó sí ṣọ́ọ̀bù ò ní ìyẹn. Sẹ̀tẹ́ńbà àti Jánúárì lowó máa ń wọlé, tó bá di Máàṣì ẹ máa rán àtúnṣe, ẹ máa so bọ́tìnnì. Máṣíìnì àlòkù náà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá, ẹ má lọ ra tuntun.

Leeds_lati_Ìkirè

Àǹtí, mo ka ibi tẹ́ ẹ ti ní ẹnì kan mọ ẹni tó lè mú yín dé UK, ojú mi sì ṣí. Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé nǹkan tó wà nílẹ̀. Láti February 2023 ni England ti gbà kí tíṣà láti Nàìjíríà lè béèrè fún QTS, ìyẹn ìwé tó fi hàn pé wọ́n mọ̀ ọ́ sí tíṣà níbí, láìjẹ́ pé ó tún ìkọ́ni kọ́. Àmọ́ dígírì ni wọ́n ń fẹ́, NCE nìkan ò tó, àwọn tó ń kọ́ ọmọ ọdún 11 sí 16 ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì tàbí èdè ni wọ́n sì ṣí i fún láti ọ̀dọ̀ wa. Tíṣà pírámárì ò sí níbẹ̀. Tí ẹni yẹn bá wá sọ pé iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó lòun máa fi mú yín wá, ẹ sọ fún un pé láti 22 July 2025 ni wọ́n ti ti ilẹ̀kùn yẹn fáwọn tó ń bẹ nílẹ̀ òkèèrè. Kí lowó tó ń béèrè wà fún nígbà náà? Mo mọ èèyàn tó ta ilẹ̀ nítorí ẹ̀, tó sì wà nílé dòní.

Nǹkan tí mo rò pé ó kàn yín ni pé àwa tá a wà níbí ń wá ẹni tó máa kọ́ ọmọ wa ní Yorùbá. Kì í ṣe ọ̀mọ̀wé o, ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń bá ọmọ kékeré sọ̀rọ̀, tó máa kọrin, tó máa pa àlọ́, tí kò ní máa jágbe mọ́ ọmọ. Ọmọ mi méjèèjì, tíṣà kan ní Ìlọrin ló ń kọ́ wọn lórí Zoom lọ́jọ́ Sátidé. Èèyàn lè gba Preply tàbí italki, àwọn ìkànnì tí tíṣà ti ń rí ọmọ kọ́, wọlé, àmọ́ ẹ mọ̀ pé Preply máa ń gba gbogbo owó kíláàsì àkọ́kọ́ pẹ̀lú ọmọ tuntun, á tún máa yọ 33 nínú 100 níbẹ̀rẹ̀, ó ń wálẹ̀ sí 18 bí wákàtí tẹ́ ẹ fi kọ́ni bá ṣe ń pọ̀ sí i. Ẹ kọ́kọ́ wá òbí fúnra yín, nínú ṣọ́ọ̀ṣì, nínú ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, nínú WhatsApp mọ̀lẹ́bí. Iná àti dátà nìṣòro, ẹ wá ibi tí wọ́n ti ní sọ́là fún wákàtí yẹn.

ỌmọEléyẹlé

Ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì ni mo fẹ́ fèsì sí ní kúkúrú. Sáyẹ́ǹsì ni o, wọ́n á béèrè Báyọ̀lọ́jì, Kẹ́mísìrì àti Físíìsì nínú WAEC yín, NCE yín ò lè dípò ẹ̀. CHEW, òṣìṣẹ́ ìlera agbègbè, náà, ọdún mẹ́ta gbáko. Tí ẹ ò bá ní Kẹ́mísìrì, ẹ máa kọ́kọ́ jókòó WAEC tuntun. Ẹ fi ìyẹn ro ọjọ́ orí yín àti ẹni tó máa gbọ́ bùkátà ilé.

TíṣàTakie

Mo ti ka gbogbo ẹ̀, Ọlọ́run á fún gbogbo yín ṣe. Mi ò ní Kẹ́mísìrì, nọ́ọ̀sì ti kúrò níbẹ̀. Bàbá, mo ti ní TRCN sà, ti dígírì ni ọwọ́ mi ò tíì tó, mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yín. Bùọ̀dá Leeds ẹ ṣeun gan-an, 850,000 ni ẹni yẹn ní kí n fi sílẹ̀, ǹ bá ti san án tí mi ò bá kọ ọ́ síbí.

Ti lẹ́sìnnì yẹn ló wọ̀ mí lọ́kàn jù, torí kò gba owó alájẹṣẹ́kù yẹn. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé tí onísúkùù bá gbọ́, wọ́n á ní mò ń fa ọmọ súkùù àwọn, wọ́n á sì fi ìyẹn dá owó oṣù méjì mi dúró.

MàmáLẹ́sìnnì

Ẹ má fọwọ́ kan ọmọ tó ṣì wà ní súkùù yẹn títí ẹ máa fi kúrò. Àwọn tó ti lọ ni kẹ́ ẹ wá, ẹni tó ti lọ kì í ṣe ọmọ wọn mọ́, kò sẹ́ni tó lè fi ìyẹn bá yín jà. Ẹ tètè kọ lẹ́tà ní jẹ́jẹ́ lórí owó oṣù yẹn báyìí tí inú wọn ṣì dùn sí yín, ẹ kọ oṣù tí wọ́n jẹ yín síbẹ̀, kí wọ́n buwọ́ lù ú, ẹ ya fọ́tò ẹ̀. Ẹ gba ìwé pé ẹ ṣiṣẹ́ níbẹ̀ pẹ̀lú, pẹ̀lú ọdún tẹ́ ẹ fi ṣe é, tí súkùù bá ti tì tán ẹ ò ní rí ẹni tó máa kọ ọ́ fún yín, SUBEB sì lè béèrè ẹ̀ lọ́la.

TíṣàTakie

Ìwé yẹn ò tiẹ̀ wá sí mi lọ́kàn rárá. Ẹ ṣeun mà. Mo mọ ìyá kan ní Takie tó kó ọmọ mẹ́ta kúrò lọ́dọ̀ wa, màá yà lọ́dọ̀ wọn lọ́la.

Bùsọ́lá_Ọ̀yọ́

Ẹ̀yin télọ̀ yúnífọ́ọ̀mù, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ń gba ọmọṣẹ́? Tíṣà lèmi náà.