“Oríkì ìlú” kọ́ ni: mo dábàá “orin àfìlúṣògo”

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ èdè o.

Ọ̀rọ̀ tí ẹ ń fà láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo fẹ́ dá sí: orúkọ wo ni ká máa pe orin tí ènìyàn fi ń yin ìlú rẹ̀, irú èyí tí àwa Ẹ̀gbá máa ń dìde dúró kọ níbi ìnáwó? “Egba Anthem” ni wọ́n ń tẹ̀ sínú ìwé ètò wa l'Abẹ́òkúta níbí. Ó ń dùn mí. Orin tó jẹ́ Yorùbá láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, orí rẹ̀ nìkan ni a fi èdè ẹlòmíràn dé ní fìlà.

Ẹnìkan nínú yín ní ká pè é ní “oríkì ìlú”. Èmi ò gbà. Ẹlòmíràn ní í kini. Ẹni tó ń ki ènìyàn kì í fi ara rẹ̀ sí àárín agbo. Ẹni tí wọ́n ń kì ló ni agbo. Bí ẹnìkan bá kì mí ní “Ẹ̀gbá, ọmọ Lísàbí”, ẹnu tirẹ̀ ló ti jáde, orí tèmi ló wú. Ẹ wá gbọ́ bó ṣe rí nínú orin wa: “èmi ọmọ Lísàbí.” Akọrin ló ń pe ara rẹ̀. Ó ní òun kò ní gbàgbé Abẹ́òkúta, ó ní òun yóò dúró lórí Olúmọ. Ẹ̀jẹ́ ló ń jẹ́ yẹn. Yàtọ̀ sí èyí, oríkì kì í ṣe ìyìn nìkan. Àléébù ìdílé máa ń wà nínú oríkì, wọn a sì kì í síta gbangba, onítọ̀hún a tún fowó lé e. Orin tí à ń sọ yìí kì í dán irú rẹ̀ wò.

“Orin orílẹ̀” tí àwọn mìíràn dábàá dùn létí, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ wa níbí, orílẹ̀ ní ohun tó ń jẹ́. Nígbà tí ogun tú àwọn ìlú inú igbó Ẹ̀gbá ká, tí Ṣódẹkẹ́, olórí wa nígbà náà, kó àwọn ènìyàn wá sábẹ́ àpáta Olúmọ ní 1830, ìlú kọ̀ọ̀kan gbé orúkọ rẹ̀ dání. Ìyẹn ni Kẹmta fi wà, tí Ìlúgùn wà, tí Ìkìjà wà, tí gbogbo wọn wá di àdúgbò nínú ìlú kan ṣoṣo. Ibi tí wọ́n ṣí kúrò gan-an ni à ń pè ní orílẹ̀. Orílẹ̀ Ìlúgùn ṣì wà dòní, ènìyàn ń gbé ibẹ̀. Àwọn Òwu tó wà láàárín wa náà ní Orílẹ̀ Òwu lọ́hùn-ún, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ẹ sọ “orin orílẹ̀” fún àgbà Ẹ̀gbá, orin ibi tí ogun lé wa kúrò ni yóò rò pé ẹ ń wí, ojú rẹ̀ á sì kọ́rẹ́ lọ́wọ́. Orin ayọ̀ sì ni tiwa.

“Orin ìlú” lásán kúrú, ó sì dára. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí a ṣe ń kọ̀wé lórí fóònù láìfi àmì sí i. Ta ni yóò mọ̀ bóyá ìlú ni tàbí ìlù?

“Orin orílẹ̀-èdè” kò jìnnà sí òótọ́ bí àwọn kan ṣe rò. Ẹ̀gbá ń dá ìjọba ara rẹ̀ ṣe títí di 1914, orin náà fúnra rẹ̀ sì pe ibẹ̀ ní ilẹ̀ òmìnira. Àmọ́ Nàìjíríà ti gba orúkọ yẹn.

Èyí tó mú mi ronú jù ni “orin ìlú àbínibí”, nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ níbi ìsìnkú kan ní Ìtòkò lóṣù tó kọjá. Gbogbo ilé dìde, a kọ ọ́ dé ibi tó ti ní, “ibẹ̀ la gbé bí mi sí.” Ọmọ ọdún mọ́kànlá kan tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi dákẹ́ lójijì. Nígbà tí a jókòó, ó fa aṣọ ìyá bàbá rẹ̀.

“Màmá, ṣé irọ́ ni mo pa? Ìbàdàn ni wọ́n bí mi sí.”

Màmá tún gèlè ẹ̀ ṣe kó tó dá a lóhùn. “Wọ́n bí bàbá ẹ níbí. Wọ́n bí bàbá bàbá ẹ níbí. Àwọn ni wọ́n ń fẹnu ẹ kọ ọ́.”

Láti ọjọ́ náà ni mo ti gbà pé “mi” inú orin yẹn ju ẹnìkan lọ. Bí a bá wá fi ibi tí wọ́n bíni sí sọ orin náà lórúkọ, a ti ti irú ọmọ yẹn síta.

Inú orin náà ni mo ti rí ọ̀rọ̀ tí mo mú wá. Ó ní, “Èmi ó f'Abẹ́òkúta ṣògo.” Fi ìlú ṣògo: àfìlúṣògo. Bí a ṣe ṣẹ̀dá àfojúsùn àti àfọwọ́kọ náà nìyẹn, kò sí àjèjì níbẹ̀. Ẹni tó dábàá “àfìlúyangàn” sún mọ́ mi, ṣùgbọ́n a máa ń yangàn sí ẹlòmíràn ni. Ògo ò nílò ẹni tí yóò kéré.

Ibì kan wà tí ọ̀rọ̀ mi ti mẹ́hẹ. Orin àwọn ará Ìbàdàn, ẹsẹ tí gbogbo wa mọ̀, ń tọrọ ìbùkún fún onílé àti àlejò. Àdúrà nìyẹn, ògo kọ́. Bóyá “àfìlúṣògo” gbà á tàbí kò gbà á, kí ọmọ Ìbàdàn sọ fún wa.

Ọjọ́bọ̀ ni mò ń gbé ìwé ètò ìpàdé ẹbí wa lọ sọ́dọ̀ atẹ̀wé. Bí ẹnikẹ́ni bá ní èyí tó dára ju tèmi lọ, kó fi ránṣẹ́ kó tó dìgbà náà. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, “Orin Àfìlúṣògo Ẹ̀gbá” ni mo fẹ́ fi ṣe orí ojú ìwé ìkẹyìn.