Egbò tí mo bi yín léèrè: àbọ̀ rèé

Ẹ̀yin ará, ẹ kú àdúrótì. Ọ̀sẹ̀ 3 sẹ́yìn ni mo bèèrè nípa egbò tó yọ sí nǹkan ọmọkùnrin mi lẹ́yìn tí mo bá obìnrin kan sùn láìlo kọ́ńdọ̀mù. Kò ju ẹyọ ẹ̀wà kan lọ, etí rẹ̀ le, kò sì dùn mí rárá. Àìdùn yẹn ló tàn mí jẹ. Àgbo ni mo kọ́kọ́ ń mu.

Ilé ìwòsàn ìjọba kan níbí n'Ìbàdàn ni wọ́n ti fa ẹ̀jẹ̀ mi: sífílíìsì ni, àrùn tí èèyàn ń kó nípa ìbálòpọ̀. Wọ́n gún mi ní abẹ́rẹ́ pẹnisílínì, ìdajì ní ìdí ọ̀tún, ìdajì ní tòsì. Òtútù mú mi gan-an lálẹ́ ọjọ́ náà, àmọ́ nọ́ọ̀sì ti kìlọ̀ fún mi tẹ́lẹ̀. Dókítà ní egbò náà ì bá jiná fúnra rẹ̀, kí àìsàn ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀.

Pípè tí mo pe obìnrin náà ló le jù. Ó sunkún, ó ní, "O ṣeun tí o ò fi pamọ́ fún mi." Òun náà ti gba abẹ́rẹ́.

Wọn ò rí kòkòrò HIV lára mi. Màá tún yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn oṣù 3. Ẹ̀yin tí ẹ ní kí n lọ ṣe àyẹ̀wò, Ọlọ́run á gbọ́ tiyín.