Ọnà àgbéwọ̀: èsì sí àwọn tó fẹ́ kí a máa pè é ní ẹ̀kú

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi nínú ìjíròrò yìí, mo kí yín o. Àbá mẹ́ta ló ti wà nílẹ̀ lórí ohun tó yẹ kí a máa pe wearable art, iṣẹ́ ọnà tí ènìyàn ń gbé sára, ní èdè Yorùbá. Ẹni àkọ́kọ́ ní "ọnà àwọ̀", ẹni kejì ní "aṣọ ọlọ́nà", bàbá wa tó kọ̀wé gbẹ̀yìn sì ní kí a má wulẹ̀ dá ara wa láàmú, pé "ẹ̀kú", aṣọ egúngún, ti wà kí wọ́n tó bí wa. Àwọn kan tún dábàá "eré" fún performance, arábìnrin kan sì dábàá "ìwà obìnrin" fún womanhood. Mo fẹ́ kí a fi iṣẹ́ ẹnì kan pàtó dán àwọn àbá wọ̀nyí wò.

Ẹni náà ni María Magdalena Campos-Pons, obìnrin oníṣẹ́ ọnà tí wọ́n bí ní ọdún 1959 ní Matanzas, ní orílẹ̀-èdè Kúbà, ní agbègbè tí oko ìrèké pọ̀ sí, níbi tí wọ́n ti fi àwọn baba ńlá rẹ̀ tí wọ́n kó láti ilẹ̀ Nàìjíríà ṣe ẹrú. Ní ọdún 1991 ni ó fi Boston ṣe ibùgbé, Nashville ni ó sì ti ń kọ́ni nísinsìnyí, ní Yunifásítì Vanderbilt. Nínú fọ́tò rẹ̀ kan ti ọdún 1994, ó kun ara rẹ̀ ní àwọ̀ búlúù, ó fa ìgbì omi funfun sí i, ó gbé ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n fi igi gbẹ́ lọ́wọ́, ó sì so ìgò méjì tí a fi ń fún ọmọ ọwọ́ ní wàrà kọ́ ọrùn, tí wọ́n wá rọ̀ sí àyà rẹ̀ bí ọmú. Kò sí ọmọ Yorùbá tó rí i tí Yemọja kò ní wá sí i lọ́kàn.

Ẹ wá pe èyí ní "ọnà àwọ̀". Ẹni tó bá kà á yóò rò pé iṣẹ́ àwọn tó ń po ọ̀dà ni à ń sọ, nítorí pé àwọ̀ ti ní ìtúmọ̀ tirẹ̀. "Aṣọ ọlọ́nà" ní tirẹ̀ jẹ́ aṣọ tí ahunṣọ ti hun ọnà sí lára, ìgò wàrà kì í sì í ṣe aṣọ. Ju ìyẹn lọ, èdè wa kò fi ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo bo ara: bùbá là ń wọ̀, ìró là ń ró, gèlè là ń wé, fìlà là ń dé, tìróò là ń lé, ọmọ là ń pọ̀n. Ẹni tó bá mú "wọ̀" nìkan ti fi obìnrin sílẹ̀ láìwé gèlè.

Ti ẹ̀kú ni mo fẹ́ dúró lé díẹ̀. Bàbá wa kò jẹ̀bi pé ó ronú kàn án, ṣùgbọ́n ẹni tó wà nínú ẹ̀kú ti di ará ọ̀run, a kì í dárúkọ rẹ̀, àwọn obìnrin, yàtọ̀ sí Ìyá Àgan àti irú rẹ̀, kì í sì í mọ awo ibẹ̀. Campos-Pons kò fi ojú rẹ̀ pamọ́, orúkọ ara rẹ̀ ni ó sì ń jẹ́. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ló sún mọ́ ọn jù: níbẹ̀, ẹni tó gbé e kì í ṣe àwámáridìí fún aráàlú, ó ń gbé ọmú igi kọ́ àyà, ó ń wé gèlè, ó sì ń fi gbogbo rẹ̀ bọlá fún àwọn ìyá wa. Ọkùnrin ló ń gbé e, bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà "gbé" ni mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí. Ìdí nìyí tí mo fi dábàá "ọnà àgbéwọ̀", tí a dá bí a ṣe dá "àgbékalẹ̀" àti "àgbéyẹ̀wò". Ó gba aṣọ, ó gba igi, ó gba ìgò, ó sì fi hàn pé ẹrù wà nínú ohun tí ẹni náà gbé sára.

Lórí performance, iṣẹ́ ọnà tí oníṣẹ́ ọnà fúnra rẹ̀ ń fi ara ṣe níwájú àwọn ènìyàn, mi ò fara mọ́ "eré" nìkan, nítorí pé etí òde òní ti so ó mọ́ sinimá àti orí ìtàgé, níbi tí ẹnì kan ti ń ṣe bí ẹlòmíràn. Ní ọdún 2014, Campos-Pons ṣáájú ọ̀wọ́ ènìyàn wọ ilé musiọ́ọ̀mù Guggenheim ní New York, ó wọ aṣọ tí wọ́n rán ní àfiwé ilé náà, ó sì ń ké pe Yemọja láti gba àyè fún àwọn tí irú ilé bẹ́ẹ̀ kì í gbà wọlé. Kò ṣe bí ẹlòmíràn rárá. "Ìran", ohun tí a ń wò, ni tèmi. Àwọn baba wa ti sọ pé ojú tó rí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti dópin ìran. Bí ẹ bá fẹ́ kí ó yàtọ̀ sí ìran ìdílé, ẹ jẹ́ kí a pè é ní "ìran àfaraṣe".

Orúkọ tí ó fún ìran yẹn ni "Habla LAMADRE", tí a lè tú sí "Ìyá ń sọ̀rọ̀". Èyí kan arábìnrin tó fẹ́ "ìwà obìnrin" fún womanhood. Lẹ́nu àwọn ènìyàn wa, ẹ̀sùn ni "ìwà obìnrin" sábà máa ń jẹ́, ẹ ò rí i bí! "Jíjẹ́ obìnrin" tó. Kò sì so wá mọ́ ara nìkan, nítorí pé ní Kúbà títí di òní, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà wọ inú ẹ̀sìn òrìṣà, ìbáà ṣe ọkùnrin, "ìyàwó" ni wọ́n ń pè é, aṣọ funfun ni yóò sì wọ̀ fún ọdún kan gbáko.

Ohun tó kù ni ara kíkùn, tí "àgbéwọ̀" kò gbà. Mo sì tún bẹ àwọn tó wá láti Kétu tàbí Ìmẹ̀kọ, kí ẹ kọ orúkọ tí àwọn agbẹ́gilére yín ń pe ọmú igi Gẹ̀lẹ̀dẹ́ náà ránṣẹ́ sí wa, kí a tó fọwọ́ sí ohunkóhun.