Àbọ̀ lórí eré ọ̀nà jíjìn: láti inú òtútù Kánádà dé oòrùn Ìbàdàn

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Èmi ni mo béèrè lóṣù Kejìlá bí mo ṣe lè fi ìgbà yìnyín ní Kánádà múra fún ooru kìlómítà 21 tí èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi fẹ́ sá n'Ìbàdàn lóṣù Kẹta. Ẹ ní kí n máa wọnú omi gbígbóná lẹ́yìn eré, kí n tètè dé Ìbàdàn, kí n máa wọ aṣọ mẹ́ta léra sáré, kí n má sì gbàgbé iyọ̀. Mo ti sá a parí, bó ṣe rí nìyí.

Omi gbígbóná ló ṣiṣẹ́ jù. Bí mo bá ti sáré tán, mo máa ń wọnú omi tó gbóná tó 40°C, ó dé ọrùn, fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 30, ọjọ́ mẹ́fà léraléra kí n tó wọ bàálù. Ìyàwó mi ní ṣé ẹran bíbọ̀ ni mo fẹ́ dà ni. Ẹ má dá nìkan ṣe é o, òòyì lè kọ́ yín tẹ́ ẹ bá dìde.

Ẹni tó ní kí n tètè dé kò parọ́. Lọ́jọ́ kejì tí mo dé, láti géètì Yunifásítì Ìbàdàn (UI) dé Sángo lásán, ojú ń ṣú mi. Nígbà tó fi máa pé ọjọ́ mẹ́wàá, mo ti ń sáré dé Dùgbẹ̀.

Aṣọ mẹ́ta wíwọ̀ ṣe díẹ̀: mo làágùn, àmọ́ ikọ́ tún gbé mi.

Ti iyọ̀ ni mi ò tẹ̀lé. Omi ọ̀rá nìkan ni mo ń mu, pajápajá sì dá mi dúró ní Mókọ́lá. Ẹ ṣé gan-an.