Talvj: ṣé ìnagijẹ ni, àbí orúkọ ìkọ̀wé?

Ẹ̀yin ará, mo kí gbogbo yín. Ẹ̀gbọ́n tó kọ ìtàn ìgbésí ayé Therese von Jakob, obìnrin òǹkọ̀wé ará Jámánì, fún wa sọ pé “Talvj” ni “ìnagijẹ” rẹ̀. Ẹnìkan fèsì pé ká kúkú pè é ní “orúkọ èké”. Èmi ò fara mọ́ èyíkéyìí nínú méjèèjì. “Orúkọ ìkọ̀wé” ni tèmi: orúkọ tí òǹkọ̀wé yàn láti máa fi sára ìwé rẹ̀.

Ẹnu la fi ń pe ìnagijẹ. Ìyàwó ilé á máa pe àbúrò ọkọ rẹ̀ ní Ìbàdíàrán, àwọn ọ̀rẹ́ á fi ìṣesí èèyàn sọ ọ́ lórúkọ, ó parí. Talvj kì í ṣe orúkọ àpèjẹ́ bẹ́ẹ̀. Ara ìwé ló ń gbé. Obìnrin náà ló kó lẹ́tà àkọ́kọ́ nínú orúkọ ara rẹ̀ jọ: Therese Albertine Luise von Jakob. Orúkọ rẹ̀ gan-an nìyẹn, ó kàn ká a kò ni. Ibo wá ni èké wà níbẹ̀?

Ohun tí ẹ̀gbọ́n fò ló mú ọ̀rọ̀ yìí dùn ún jiyàn lé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1820, obìnrin yìí túmọ̀ ìtàn àròsọ méjì tí Walter Scott, òǹkọ̀wé ará Scotland, kọ sí èdè Jámánì, orúkọ ọkùnrin ló sì fi síbẹ̀: Ernst Berthold. Ìyẹn ni ẹ̀kú tí a kì í bi ẹni tó wà nínú rẹ̀. “Orúkọ ìbòjú” ni màá pe irú rẹ̀.

Talvj ò rí bẹ́ẹ̀. Halle, ní Jámánì, ni wọ́n ti bí obìnrin náà ní 1797. Nígbà tí Napoleon ti Yunifásítì ìlú náà pa, bàbá rẹ̀, tó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n níbẹ̀, kó ìdílé rẹ̀ lọ sí Kharkov, ní ilẹ̀ ọba Rọ́ṣíà ìgbà náà, kí wọ́n tó dé St Petersburg. Nígbà tó yá, tó ti padà sílé, ó kọ́ èdè Serbia, ó túmọ̀ lára orin ìbílẹ̀ tí Vuk Karadžić, ọ̀mọ̀wé ará Serbia, kó jọ, ó sì fi ránṣẹ́ sí Goethe, gbajúmọ̀ akéwì Jámánì, ní 1824. Goethe gbà á níyànjú. Apá méjì ìwé náà jáde ní 1825 àti 1826, Talvj ló wà lára wọn.

Ní 1828 ó fẹ́ Edward Robinson, onímọ̀ Bíbélì ará Amẹ́ríkà. Ní 1830 wọ́n sọdá òkun. Orúkọ ìdílé rẹ̀ yí padà, Talvj ò yí. Ẹ wo ìwé tó fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ lórí èdè àti lítíréṣọ̀ àwọn ẹ̀yà Slavic (bí àwọn ará Rọ́ṣíà àti Serbia), èyí tó jáde ní New York ní 1850: ọkọ rẹ̀ kọ ọ̀rọ̀ àkọ́sọ, ó fọwọ́ sí i ní Robinson, ìyàwó ń jẹ́ Talvi nínú ìwé kan náà (j ti di i). Ta ni wọ́n wá ń fi ojú pamọ́ fún?

Ẹnìkan ní “orúkọ ìkọ̀wé” lè dún bí ọ̀nà tí a ń gbà kọ orúkọ sílẹ̀. Rárá o, “àkọtọ́ orúkọ” nìyẹn. “Orúkọ òǹkọ̀wé” tí òun dábàá sì gbòòrò jù, torí gbogbo ìwé ló ní in. Ká fi “orúkọ ìkọ̀wé” ṣe agboolé, kí “orúkọ ìbòjú” jẹ́ yàrá kan nínú rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa tún gbólóhùn yẹn kọ báyìí: “Ó fi orúkọ ìbòjú, Ernst Berthold, tẹ ìtumọ̀ ìwé Scott jáde; láti 1825, Talvj ni orúkọ ìkọ̀wé rẹ̀.”